Adìyẹ À-gbà-sìn Tí Àwòdì Jù Sórí Páànù Wa

Mo rántí ìgbà tí adìyẹ kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sórí páànù ilé tí mò ń gbé ní Ìkìrun, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí oòrùn mú ganrínganrín. Ó dún gbàmù bí òkò. Ó yí gbirigbiri dé etí òrùlé, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó sì tẹjú mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo jù ú. Àwòdì ló gbé e. Ẹrù náà ló wúwo ju bí ó ṣe rò lọ, ni ó bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fò yí òrùlé po lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé èrò ti ń pé jọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

N kò tíì pé ọdún mẹ́ta nídìí iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà. Ìkìrun, Inísà àti Òkúkù ni agbègbè tí wọ́n fún mi, ibẹ̀ ni mo ti ń kó ìròyìn jọ ránṣẹ́ sí Òṣogbo, mo sì gbà pé ìlú kò lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i bí n kò bá tíì kọ ọ́. Àwa mẹ́ta la háyà yàrá nílé náà. Àfáà kan wà níwájú tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Télọ̀ kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin àtúnbí ni, kì í gé aṣọ láìkọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Èmi wà lẹ́yìn, wọ́n ń pè mí ní Níúsì. Ìyá onílé wa ti lọ sí Inísà láti lọ máa wẹ ọmọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi. Ó ní, "Níúsì, tí o bá ti ju àgbàdo fún adìyẹ yìí àtàwọn ọmọ rẹ̀ tán, fi àgò dé wọn. Àwòdì ẹ̀ẹ̀rùn yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni." Mo ní kí Ìyá fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń wí, mo ju àgbàdo, mo fi àgò ti ògiri, mo sì jókòó ti ìròyìn kan tí mò ń kọ lórí gọ́tà tó dí. Gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán sórí fóònù nígbà tí páànù dún ni pé àìbìkítà àwọn tí a fi nǹkan ṣọ́ ló ń pa ìlú yìí.

Òròmọdìyẹ mẹ́sàn-án ni àwòdì náà wá bá, ṣùgbọ́n kò rí ẹyọ kan gbé. Ìyá wọn ló kọjú ìjà sí i, òun ló sì bá a lọ sókè.

Kí n tó gbé ife tíì kalẹ̀, Àfáà ti dé pẹ̀lú ọ̀bẹ. N kò mọ ibi tó ti yọ ọ́ jáde. Ó sáré débi pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kù sẹ́nu ọ̀nà.

"Bìsìmílà! Níúsì, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kó má kú mọ́ wa lọ́wọ́ o, òkúǹbete kò ṣeé jẹ!"

Mo ní, "Àfáà, kò tíì kú."

"Ohun tí mo ṣe ń yára nìyẹn."

Ó yẹ kí n gbèjà Àfáà níbi tó yẹ. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń dà á láàmú, tàbí kí n sọ pé kì í ṣe ọ̀kánjúwà nìkan. Nínú ẹ̀sìn wọn, ẹran tí ẹranko búburú fà ya, bí ọ̀bẹ bá bá a láàyè, ó di oúnjẹ. Bí ó bá kú kí ọ̀bẹ tó dé, ààtàn ló ń lọ. Lójú tirẹ̀, èmi tí mo dúró tí mò ń wo adìyẹ ni ìkà. Télọ̀ ló fò dìde nídìí ẹ̀rọ, tó wá dúró sáàárín ọ̀bẹ àti adìyẹ, pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Àfáà, lórúkọ Jésù, ẹ dá ọ̀bẹ yẹn padà sápò! Ṣé tiyín ni? Ṣé ti ìyá onílé ni? Ìyá àgbà Òkúkù ló ni adìyẹ yìí, ó fún wọn sìn ni. Tí ẹ bá dúńbú ẹ̀, ta ni wọ́n máa sọ pé ó pa á, àwòdì àbí ẹ̀yin?"

Ọ̀bẹ náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Àfáà mọ òfin ohun à-gbà-sìn jù mí lọ. Ẹni tó ní adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tí kò ráyè tọ́jú yóò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Wọn yóò jọ pín ọmọ tó bá bí, ṣùgbọ́n ìyá ẹran kò kúrò ní ti ẹni tó fi í síta. Ìyá onílé wa ti sọ èyí di iṣẹ́. Ewúrẹ́ mẹ́rin tó wà lẹ́yìnkùlé wa, àwọn ará Inísà ló ni wọ́n. Adìyẹ yìí, opó arúgbó kan ní Òkúkù ló ni ín. Orúkọ rere ni gbogbo ohun tí ìyá náà fi ń gba ẹran sílé, pé ohun ẹlòmíràn kì í sọnù lọ́wọ́ òun. Bí adìyẹ yìí bá kú, adìyẹ nìkan kọ́ ló máa lọ. Okùn ewúrẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa wá tú, orúkọ ìyá yóò sì bàjẹ́ láti Inísà títí dé Òkúkù. Kò sì sí ìdí tí n óò fi di ẹ̀bi náà ru àwòdì. Èmi ni mo fi àgò ti ògiri.

Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo ẹni tó ń kọjá lójúde ti di oníṣègùn. Ọ̀kan ní epo pupa. Ọ̀kan ní kẹrosíìnì, pé òun ló wo ẹsẹ̀ ajá òun sàn. Bàbá kan tó ń lọ sóko ní kí a lọ èédú sí i, obìnrin kan sì ti ń ṣí agolo ìpara orí fífọ́ tó wà nínú báàgì rẹ̀. Mo wá rántí dókítà ẹran kan ní Inísà tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìyẹ, tí mo ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò rí. Mo pè é, mo sì gbé ohùn fóònù jáde kí gbogbo èrò gbọ́.

Ó ní, "Ẹni tó bá da kẹrosíìnì sí i, òun ni àwòdì kejì." Obìnrin onípara rọra dé agolo rẹ̀. Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Ìpayà máa ń pa adìyẹ ju ọgbẹ́ lọ. Ẹ fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ díẹ̀ fọ ojú ọgbẹ́. Ẹ tu ìyẹ́ tó wà létí ọgbẹ́ náà. Tí awọ bá là gbàràgàdà, kí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kì í gbọ̀n rán an, ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ àti òwú kọ́kọ́ hó nínú omi. Kí ẹ wá gbé e sínú páálí níbi tó ṣókùnkùn, tó sì móoru. Ẹ jẹ́ kí n rí i lọ́la."

Ọwọ́ ta ni kì í gbọ̀n? Gbogbo wa yíjú sí télọ̀. Ó ní, "Ẹ má wò mí. Aṣọ ni mo kọ́." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì wọn ojú yíya náà bí ẹni ń wọn ọrùn bùbá, ó mi orí, ó sì ní kí wọ́n gbé omi kaná. Yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ló ń rán lọ́jọ́ náà, nítorí náà òwú aláwọ̀ ewé ló wà lórí ẹ̀rọ, òun náà ló sì hó. Ó gé aṣọ pupa kan tó wà lápá adìyẹ dànù nítorí ẹ̀jẹ̀ ti rin ín gbingbin. Èmi tu ìyẹ́. Àfáà ló di adìyẹ mú, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ adìyẹ dì mú bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ti dúńbú púpọ̀ mọ ibi tí adìyẹ ti ń jà. Télọ̀ gbàdúrà, Àfáà ṣe àmín, abẹ́rẹ́ sì wọlé. Ní ojú rírán kẹta, ojú mi ṣú, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Ojú rírán méje ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó so kókó tó kẹ́yìn, ó fi eyín gé òwú bó ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà, ó ní, "Tó bá fún un jù, kó padà wá."

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn, ká ní n kì í ṣe akọ̀ròyìn.

Àfáà ń nu ọwọ́, ó ní, "Ohun à-gbà-sìn, tí nǹkan bá ṣe é, ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Tó bá wá jẹ́ pé..." N kò dúró gbọ́ ìyókù. Ìdajì ọ̀rọ̀ máa ń tó àwa oníròyìn. Mo pe fóònù ìyá àgbà Òkúkù, kò lọ. Mo sáré dé ibùdókọ̀, mo rí awakọ̀ kọ́rópe kan tó ń lọ sí Òkúkù tó sì mọ ilé ìyá náà, mo sì rán an níṣẹ́: àwòdì ṣe adìyẹ wọn léṣe, a ti tọ́jú rẹ̀, ó wà láàyè. Mo wá rò ó pé ìròyìn tí kò ní ẹ̀rí, àhesọ ni. Mo sáré padà sílé, mo kó gbogbo ìyẹ́ tí mo tu, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára wọn, mo dì wọ́n sínú náílọ̀n, mo so ó dáadáa, mo sì fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ tó mọ́.

Ìdajì ọ̀rọ̀ Àfáà tí n kò gbọ́ ni pé tó bá wá jẹ́ pé ohun à-gbà-sìn náà kú, ìyẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, kí ó má baà rò pé wọ́n tà á ni. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́fà kan lágbègbè náà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kàwé dé Ìbàdàn, mo di ìyẹ́ adìyẹ ààyè sínú náílọ̀n, mo fi kéde òkú rẹ̀. Awakọ̀ náà bínú nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo jíṣẹ́ yín pátápátá. Mo ní ó wà láàyè. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé ìyẹ́ ti sọ̀rọ̀ tán."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún láti Inísà.

"Níúsì, ṣé ó dùn?"

"Kí ló dùn, Ìyá?"

"Adìyẹ arúgbó ni mò ń bi ọ́. Ṣé ẹ jẹ ẹ́ lọ́bẹ̀ ni, àbí ẹ dín in?"

Ìyá àgbà Òkúkù ti ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ti dé iwájú baálé agbo ilé rẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyá onílé yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò tán síbẹ̀. Ọkùnrin tó ni méjì nínú àwọn ewúrẹ́ ti yà wá kí ìyá kú ewu ọmọ tuntun. Ó bi í bí ara ewúrẹ́ òun ṣe le, bẹ́ẹ̀ ló mú okùn dání. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ìyá ní, "Ó wà láàyè lóòótọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ gbé e wá bó ṣe wà. Tó bá kú kí ẹ tó débí, kí ìwọ náà má débí."

Adìyẹ kò jẹ, kò mu látàná. Orí rẹ̀ ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi, télọ̀ àti Àfáà wọ kọ́rópe, a gbé páálí lé itan mi. Àfáà ní òun ń bọ̀ wá jẹ́rìí, ṣùgbọ́n mo rí ìdí ọ̀bẹ lápò rẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Tí ọrùn ẹ̀ bá fẹ́ yẹ̀ lọ́nà, mi ò ní jẹ́ kó kú ikú ẹ̀sín." Mo ní tó bá fi ọ̀bẹ kàn án, a ti jẹ̀bi ẹjọ́ nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ dá sí i. Ìyá kan ní kí wọ́n máa gbàdúrà. Ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ní, "Ẹ jẹ́ kí Àfáà ṣiṣẹ́ wọn jàre, èmi á gba itan kan." Télọ̀ yíjú sí i, ó ní, "Itan tìẹ ni a máa kọ́kọ́ gé." Gbogbo wa ń wo ihò tí mo dá sára páálí, bóyá nǹkan ṣì ń mí nínú ẹ̀.

Ní Inísà, a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó gbé adìyẹ jáde, ó rí òwú aláwọ̀ ewé, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ta ló rán eléyìí? Ẹ bi í bóyá ó ń wá iṣẹ́." Télọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó tún gèlè rẹ̀ so. Dókítà fi oògùn sí omi tó ní ṣúgà díẹ̀, ó ń kán an sí adìyẹ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kan, kò gbé e mì. Ẹ̀kejì, kò gbé e mì. Ní ẹ̀kẹta, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mì, ó la ojú, ó sì sọ òrùka ọwọ́ dókítà kóó. Ó ní, "Ó dára. Ohun tó bá ṣì lè bínú kì í tètè kú." Ìyá onílé dé bá wa níbẹ̀. Ó wo inú páálí, ó wò mí, ó sì lọ jókòó níwájú ọkọ̀. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni a ń wò títí a fi dé Òkúkù.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa rí nínú gbọ̀ngàn baálé. Mo ti rò pé tí wọ́n bá ti rí adìyẹ láàyè, ẹjọ́ ti tán. Mo gbé e jáde bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó sì padà lọ jókòó.

"Èyí kọ́."

Gbogbo èrò yíjú sí mi.

"Adìyẹ tèmi ní ìyẹ́ dúdú lẹ́yìn, mo sì fi aṣọ pupa ṣàmì sí i lápá. Èyí tí wọ́n gbé wá yìí, ìhòòhò ni, aṣọ pupa kò sí, wọ́n wá fi òwú rán an bíi ṣòkòtò. Wọ́n ti jẹ tèmi, wọ́n lọ ra aláìsàn lọ́jà." Ó na náílọ̀n mi sókè. "Ìyẹ́ adìyẹ mi rèé. Báwo ni ìyẹ́ ṣe máa wà lọ́wọ́ mi kí adìyẹ wà lọ́wọ́ tiwọn?"

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ti páànù, mo sọ ti omi iyọ̀, mo sọ pé ẹ̀rí ni mo fi ìyẹ́ ṣe. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí wọn. Bàbá kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní, "Ọmọ mi, dín in kù. O ti ń pa ìyá yẹn." Télọ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni òun gé aṣọ pupa náà, pé ó ti bá ìdọ̀tí jóná. Ìyẹn gan-an tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Ìyá onílé ló kẹ́yìn. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà láti ìgbà tí a ti dé. Kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ó ní, "Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba ohun ẹlòmíràn sìn. Ẹni tí mo bá jẹ tirẹ̀ rí, kó jáde síta." N kò mọ ibi tí mo lè kojú sí.

Baálé jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. A ti gbọ́ ti Òkúkù, a ti gbọ́ ti Ìkìrun. Ó ku adìyẹ. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mira."

Mo gbé e sílẹ̀. Ó dúró, ó ṣubú, ó tún dìde. Ó ń fẹsẹ̀ kan tiro, ó kọjá níwájú Baálé láìkí i, ó kọjá lára mi, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sí àgbàlá. Gbogbo wa rọra tẹ̀ lé e bí ẹni tẹ̀ lé ìyàwó. Kò wo àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ìyá àgbà, ó wọ inú rẹ̀, ó yí ìdí odó fífọ́ kan tó wà ní kọ̀rọ̀, ó fún ara rẹ̀ sáàárín odó àti ògiri, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó.

Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ibẹ̀ ló ti sàba pa àwọn àkọ́bí ẹ̀," ló wí. "Èmi àti òun nìkan la mọ ibẹ̀." Ó padà sínú gbọ̀ngàn níbi tí ìyá onílé ṣì kúnlẹ̀ sí, ó dì í lápá mú. "Dìde, àbúrò mi. Ojú ló ń ṣe mí."

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ìkìrun. Òṣogbo ni mo wà báyìí, mò ń tún ìròyìn àwọn ọmọ tuntun kọ, bí wọ́n bá sì kó àwòrán wá fún mi pé ẹ̀rí rèé, mo máa ń bi wọ́n pé lójú ta ni. Wọn kò mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Mo ti jókòó ti kọmíṣọ́nnà, mo ti jókòó ti adájọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá fẹ́ rántí bí ẹ̀rù ṣe ń rí lára, adìyẹ tó ń tiro kọjá níwájú Baálé ni mo máa ń rí. Ká ní ó yà sí ọ̀tún ni, ẹ̀rí mi ìbá ti ba ogún ọdún ìwà rere obìnrin kan jẹ́. N kò kọ ìròyìn ọ̀hún nígbà náà. Gọ́tà ni mo fi ránṣẹ́.

Ìdájọ́ tí Baálé ṣe lọ́jọ́ náà rèé, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní adìyẹ yóò dúró sí Òkúkù títí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi hù. Ó ní èmi ni kí n kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, nítorí abẹ́ ìyẹ́ apá ìyá ni ọmọ ń sùn. Tí wọ́n bá dàgbà, kí àwọn ìyá méjèèjì mú mẹ́rin mẹ́rin, kí ìkẹsàn-án jẹ́ ti télọ̀. Ó ní tí ìyẹ́ bá ti hù tán, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé adìyẹ gba Inísà kọjá lọ sí Ìkìrun, lójú ọ̀sán, kí gbogbo ẹni tó ní ewúrẹ́ níbẹ̀ rí i pé ó ń gbé e padà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ó ní kí Àfáà gbé ọ̀bẹ rẹ̀ pamọ́ di ọjọ́ Iléyá. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán sí Òkúkù, ẹsẹ̀ mi ni kí n fi jẹ́ ẹ.